Àwọn Àgbá Ẹ̀gbẹ́ Ògiri

Ẹ̀rín ni Jẹmílátù bú sí. Ó rín in títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, ó sinmi díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Kọ́ńsítébù Níyì tó dúró lẹ́nu ọ̀nà wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tó ń bèèrè bóyá kí wọ́n ránṣẹ́ pe dókítà.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Saidat Ọláìtán jókòó ní òdìkejì tábìlì. Ó ti pẹ́ tó ti ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, ó sì ti rí oríṣiríṣi wọn ní Muṣin yìí: ẹni tó sunkún, ẹni tó díbọ́n dákú, ẹni tó fi Bíbélì búra tó tún fi Kùránì kún un. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé àgbá ọ́ìlì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni wọ́n ní ó jí, tó wá ń rẹ́rìn-ín, kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Inú rẹ̀ dùn. Ohun tí kò rí rí ló máa ń dùn mọ́ ọn jù nínú iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ó sàn ju owó oṣù lọ.

"Jẹmílà, kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Jẹmílátù fi etí ìró nu ojú. "Ṣé ó dá yín lójú pé ti ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n gbé?"

"Ọ̀gá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà dé ibẹ̀ láàárọ̀, àyè ibẹ̀ ṣófo."

"Yéè! Olè yẹn ti gbé wàhálà wọlé o."

Ọ̀gá tí wọ́n ń sọ yìí ni Àlàájì Àmúsà, ará Ìjẹ̀bú-Igbó tó ní yáàdì ní Pápá Àjàó. Ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì bá fà jáde lábẹ́ ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù, òun ló máa ń rà á, tí yóò sè é kí omi inú rẹ̀ gbẹ, tí yóò sọ ọ́ di ohun ìdáná. Láti ìgbà tí ètò SAP ìjọba ti dé tí dísẹ́ẹ̀lì ti di góòlù, ọ́ìlì Àlàájì ni àwọn oníbúrẹ́dì fi ń dáná ààrò wọn. Ọdún mẹ́fà ni Jẹmílátù ti ń kọ́ṣẹ́ náà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni fíríídọ́ọ̀mù rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo àdúgbò, aṣọ tí yóò wọ̀ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀.

Àlàájì lọ sílé ní Ìjẹ̀bú, ó dé ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ó bá àyè àgbá mẹ́ta lófìfo. Àgádágodo ẹnu géètì wà bó ṣe wà, ẹnikẹ́ni kò fọ́ ọ. Kọ́kọ́rọ́ méjì péré ló mọ̀: ọ̀kan nínú àpò rẹ̀, ọ̀kan ní ìdí Jẹmílátù. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó kó ọlọ́pàá lọ sí Ìdí-Àràbà, wọ́n sì mú ọmọbìnrin náà níwájú ilé ìyá rẹ̀ pẹ̀lú pákò lẹ́nu, tí gbogbo òpópónà ń wò. Jẹmílátù kò tún fojú kan yáàdì láti ìgbà náà. Ọ̀gá kankan kì í ṣe fíríídọ́ọ̀mù fún olè. Bí ẹ̀sùn náà bá lẹ̀ mọ́ ọn, ọdún mẹ́fà di òfo nìyẹn, kò sì sí mẹkáníìkì tí yóò tún ta kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù fún un láti Muṣin títí dé Yaba.

"Ó dáa, bá mi sọ ọ́," ni Saidat wí. "Wàhálà wo ni olè gbé?"

"Àǹtí, òfin Àlàájì ni pé ẹ̀gbẹ́ ògiri ni ọ́ìlì tó ti jinná máa ń wà. Èyí tó ṣì tutù, ẹnu géètì ni tiẹ̀. Bó ṣe wà látìgbà ìwáṣẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tí ìjì jà, ó ṣí páànù òkè ògiri. Mo rí i pé òjò á máa rọ̀ sórí èyí tí mo ti sè, tí mo ti sẹ́. Ṣé kí n wá máa wò ó? Mo bá yí gbogbo wọn padà. Èyí tó jinná, mo yí i lọ sẹ́nu géètì. Èyí tó tutù, mo yí i wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òun ti lómi nínú tẹ́lẹ̀, bí òjò bá bù sí i, kí ló kàn án?"

"O ò sọ fún ọ̀gá rẹ?"

"Wọ́n ti lọ sí Ìjẹ̀bú kí ìjì tó jà. Láti Fúráìdè ni èmi náà ti wà nílé nítorí ètò fíríídọ́ọ̀mù mi. Nígbà tí wọ́n sì dé, ìgbátí ni wọ́n fi kí mi."

Saidat fẹ̀yìn ti àga. Ó rántí pé nígbà tí òun dúró sínú yáàdì náà láàárọ̀, oòrùn pa òun lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbójú sókè nígbà náà, ó rí ojú ọ̀run láàárín páànù, ó sì yà á lẹ́nu pé bàbá tó fẹ́ràn ètò báyìí lè fi ọjà rẹ̀ sábẹ́ ihò.

* * *

"Ọ̀gá, ó lè jẹ́ irọ́ ni," ni Níyì wí nínú ọkọ̀.

"Ó lè jẹ́ irọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ."

Àlàájì Àmúsà wà lórí bẹ́ǹṣì, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ìbínú lójú. Saidat kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ fún sítóòfù àti ṣíbí irin ńlá kan. Àlàájì rò pé obìnrin náà fẹ́ se tíì ni, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé e wá.

Saidat bu ọ́ìlì díẹ̀ nínú àgbá tó wà lẹ́nu géètì, ó gbé ṣíbí lé iná. Ọ́ìlì náà gbóná, ó rú èéfín díẹ̀, kò pariwo. Ó nu ṣíbí, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí àgbá kan ṣoṣo ṣẹ́kù sí, ó bu tibẹ̀ náà. Èyí kò tíì gbóná dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà pàrà bí ìgbà tí èèyàn ju ẹja tí kò gbẹ sínú òróró. Níyì fò sẹ́yìn. Ó ta sí i láṣọ.

"Àlàájì, èwo ló lómi nínú níbẹ̀?"

Àlàájì ti dìde. "Ti ẹ̀gbẹ́ ògiri kẹ̀? Kò lè rí bẹ́ẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni jíjinná wà. Ta ló da iṣẹ́ mi rú?"

Saidat na ìka sókè. Àlàájì gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti dé. Ó wo páànù tó ṣí, ó wò ó títí fìlà fi jábọ́ lórí rẹ̀.

"Jẹmílà ló yí wọn padà kí òjò má baà ba èyí tó jinná jẹ́, Bàbá. Ọ́ìlì tútù ni olè kó lọ."

Bàbá náà jókòó padà jẹ́ẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni, kì í tètè túúbá. "Ó dáa. A mọ ohun tó lọ. Ta ló gbé e? Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ná. Ẹ rò ó wò, sà. Olè yìí kọjá àgbá tó wà lẹ́nu géètì, tó rọrùn láti yí jáde. Ó rìn dé ìsàlẹ̀ yáàdì kó tó gbé tiẹ̀. Ó mọ òfin yín. Ohun tí kò mọ̀ ni pé wọ́n ti yí òfin padà. Nínú gbogbo Èkó, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé wọ́n ti yí i padà, ẹni yẹn ló sì wà ní àtìmọ́lé wa."

Tẹ̀sùbáà ọwọ́ Àlàájì dúró sójú kan.

Níbẹ̀ ni Níyì tó ti jáde lọ nu ọ́ìlì aṣọ rẹ̀ ti sáré wọlé láti ìta. "Ọ̀gá! Mo ti mú un! Julius ni!"

Julius ni awakọ̀ Àlàájì tó máa ń fi píkọ́ọ̀pù kó ọ́ìlì kiri. Níyì bá a ní kọ̀rọ̀ ibì kan tó ń fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ bó o láwọ. Nígbà tó rí ọlọ́pàá, ó ju kànìnkànìn sílẹ̀, ó fẹ́ sá. Saidat dé ibẹ̀, ó wo pákó ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi ìka kan án, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Julius, kí lo kó?"

"Mummy, mo bẹ yín, ẹ má sọ fún Àlàájì."

"Epo pupa ni."

"Ìyá ìyàwó mi ló ní kí n bá òun kó kẹ́ẹ̀gì láti Òtò. Kẹ́ẹ̀gì kan ya lọ́nà. Àlàájì ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ òun ṣe iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n máa lé mi dànù!"

Níyì tún wo ìka ọ̀gá rẹ̀ bóyá àwọ̀ rẹ̀ lè yí padà. Ó ṣì pọ́n. Saidat ní kí Julius máa fọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní ìyá ìyàwó le ju ọlọ́pàá lọ, òun kò sì ní fi kún ẹrù ẹni bẹ́ẹ̀.

* * *

Ní àárọ̀ Wẹ́sìdeè, tábìlì Saidat di tábìlì ìyá oníbúrẹ́dì. Níyì ti kiri gbogbo ilé búrẹ́dì tó ń fi ọ́ìlì dáná láti Muṣin dé Surulere dé Yaba, ó sì ra ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Olè là ń wá, búrẹ́dì lẹ ní kí n rà."

"Jókòó, bu tíì. Níyì, gbogbo kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù ló dúdú. Bí a bá ní ká máa yọjú sínú àgbá kiri, a ó ti fẹ̀yìn tì kí a tó rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ọ́ìlì yẹn rò pé ó jinná. Kò ní sè é mọ́. Yóò tà á fún ẹni tí yóò dà á síná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ni omi ń ṣe síná?"

"Ó ń pa á."

"Wàá jẹun báyìí."

Ó ń fi àtàńpàkò tẹ búrẹ́dì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń já a, ó ń tọ́ ọ wò, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ ọjọ́ ọdún. Èyí dára. Èyí náà dára. Iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú èyí, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn. Ó kan ọ̀kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jóná dúdú. Ó fi ọwọ́ já a sí méjì, ìyẹ̀fun tútù fà yọ́ọ̀ láti inú rẹ̀ mọ́ ọn níka.

"Ibo ni èyí ti wá?"

Níyì wo ọ̀rá rẹ̀. "Yaba. Lẹ́yìn Tejúoṣó. Ilé búrẹ́dì Ìyáàfin Moyọ̀sọ́lá."

Ìyáàfin Moyọ̀sọ́lá fúnra rẹ̀ ló pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ìyẹ̀fun dé ìgúnpá. Ó rò pé oníbàárà mìíràn ló tún gbé ẹjọ́ búrẹ́dì wá, nítorí náà ó ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó kí i tán. Nígbà tí Saidat sọ pé ọ̀rọ̀ ààrò ló gbé òun wá, ẹnu rẹ̀ tú.

"Ẹ bá mi wò ó o! Láti Sátidé ni iná yẹn ti ń wú ikọ́! Ó ń ta, ó ń kú. Mo tàn án, ó kú. Túbọ̀sún ló fi ojú mi gbolẹ̀!"

"Ta ni Túbọ̀sún?"

"Ọmọ tó gba fíríídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ Àlàájì Àmúsà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun ló ń ta ọ́ìlì fún mi. Ó gbé àgbá mẹ́ta wá ní ìdájí Sátidé, ó ní òun fúnra òun ló sè é. Sísè wo? Mo ti ní kó wá kó o, kò yọjú."

Nínú ọkọ̀, Níyì ti ń na ọwọ́ sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Saidat mi orí.

"Tó bá ní òun ra kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù lọ́wọ́ mẹkáníìkì, pé iná kò jó o dáadáa ńkọ́? Àìmọ̀-ọ́n-sè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ìbá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, ìwọ àti ìrẹsì rẹ yẹn, ẹ̀wọ̀n gbére. A fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fà wá lọ́wọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri."

* * *

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Saidat ní kí Àlàájì, Julius àti Níyì yí àgbá. Wọ́n to àgbá kún ẹ̀gbẹ́ ògiri láìku àyè kankan. Wọ́n wá fi àyè àgbá mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo lẹ́nu géètì. Ẹni tó bá wọlé nísinsìnyí, ẹnu géètì ni yóò rò pé olè ti kó ọjà. Àlàájì wá ránṣẹ́ sí Túbọ̀sún pé kó wá bá òun dáwọ́ jọ ṣiṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tí Jẹmílátù kò sí.

Túbọ̀sún dé pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n lọ̀ tó gúnrẹ́gẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. "Ẹ kú àdánù, sà. Mo gbọ́. Jẹmílà! Ta ló lè rò ó sí i?"

"Àwa náà kò rò ó sí i," ni Saidat wí láti orí bẹ́ǹṣì. "Ohun tó tún yà wá lẹ́nu ni pé ọ́ìlì tútù ni olè kó."

"Tútù?"

"Tútù tó kún fún omi. Àlàájì kò tilẹ̀ pàdánù púpọ̀."

Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín, ó wo Àlàájì bí ọmọṣẹ́ tó fẹ́ gbe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Mà, ẹ̀yin ò mọ iṣẹ́ yìí ni. Kò lè jẹ́ tútù. Mo ṣiṣẹ́ níbí, ọ́ìlì ẹ̀gbẹ́ ògiri, jíjinná ni. Àlàájì kì í yí i padà."

Julius tó gbé korobá lọ́wọ́ rọra gbé e sílẹ̀.

"Túbọ̀sún, ta ló dárúkọ ẹ̀gbẹ́ ògiri?"

"Ṣebí... mo rí àyè tó ṣófo..."

"Wò ó dáadáa."

Ó yíjú. Ẹ̀gbẹ́ ògiri kún dẹ́múdẹ́mú. Ó wo ẹnu géètì, ó rí àyè lófìfo níbi tí òun ti kọjá wọlé, tí kò tilẹ̀ kà á sí. Saidat na ọwọ́, ó ní kó kó ìdì kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá. Níyì gbé wọn lọ sí àgádágodo ẹnu géètì, ó ń ki wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkíní kò ṣí i, èkejì kò ṣí i. Ìkẹta wọlé, ó yí, àgádágodo já kàù.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Túbọ̀sún jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó lọ̀, ọ̀rọ̀ sì ń dà lẹ́nu rẹ̀. Kí òun tó gba fíríídọ́ọ̀mù lòun ti gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ kan pamọ́, òun ò sì lò ó rí. Òun ti ṣèlérí ọjà fún Ìyáàfin Moyọ̀sọ́lá, ọ́ìlì òun kò sì tíì tòrò: gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kò tíì lọ sísàlẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ lè fi àgbá sílẹ̀ kó má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ púpọ̀. Òun kò ní irú sùúrù yẹn.

"O gbọ́ pé wọ́n ti Jẹmílà mọ́lé nítorí rẹ̀?" ni Àlàájì bi í. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá.

"Mo gbọ́, sà."

"Ìwọ lo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ọ́ìlì nígbà tó kọ́kọ́ dé."

Túbọ̀sún kò lè gbójú sókè. Àánú rẹ̀ ṣe Saidat díẹ̀, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó láti dá Níyì dúró.

* * *

Àlàájì fúnra rẹ̀ ló wá mú Jẹmílátù ní tẹ́ṣàn. Ó wọ agbádá. Nígbà tí ọmọbìnrin náà jáde sí i, ó dúró, ó fi ọwọ́ gbá fìlà, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Jẹmílà, mo ṣì ọ́ mú. Ìbínú ni. Má bínú, ọmọ mi. Fíríídọ́ọ̀mù rẹ dúró bó ṣe wà, ọjọ́ Àìkú. Èmi ni n ó ra gbogbo ohun mímu. Jẹ́ ká lọ sílé."

Jẹmílátù kúnlẹ̀ kí i. Kò dìde bọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Mi ò bínú sí yín. Ṣùgbọ́n níwájú ilé ìyá mi lẹ ti pè mí lólè. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè náà ló máa wá jókòó lọ́jọ́ Àìkú. Tí ẹ bá ń gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi."

Àlàájì wo Saidat. Saidat ń wo àjà ilé. Kò sí òfin kankan tó kan ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ohun tó wù ú tó kó rí ibi tí yóò parí sí.

Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rin òpópónà ìyá Jẹmílátù. Àlàájì ní kí Julius dá ọkọ̀ dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà ní Ìdí-Àràbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé àkọ́kọ́. "Ẹ kú ilé o. Èmi Àmúsà nìyí, ẹni tó mú ọmọ yìí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo pe aláìṣẹ̀ lólè. Kò jí nǹkan mi, ó tún bá mi tọ́jú rẹ̀ ni." Ó sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ta èédú. Ó sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀, ó tún un sọ fún ẹni tí wọ́n ń fá lórí nítorí pé ẹni náà ní òun kò gbọ́ dáadáa. Ó sọ ọ́ nílé tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n sì ní kó wá jẹun. Jẹmílátù ń tẹ̀lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ń nà sí i láti ilé dé ilé. Ìdùnnú gba ọkàn Saidat tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, débi pé ó gbàgbé pé ẹnu iṣẹ́ lòun wà.

Nígbà tí wọ́n fi dé iwájú ilé ìyá Jẹmílátù, ohùn Àlàájì ti há. Ìyá náà wà lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ń gbọ́ ọ bọ̀ láti òkèèrè. Ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó fi ọwọ́ nù ún lójú, ó yí i wò síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló tó kọjú sí àlejò rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún un gẹ́gẹ́ bó ti yẹ.

"Àlàájì, ẹ kú ìrìn. Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín." Ó tọ́ka lọ sí ẹ̀yìn ilé. "Àwọn ará ilé ẹ̀yìn ò tíì gbọ́ o. Ojú fèrèsé ni gbogbo wọn wà lọ́jọ́ yẹn."

Àlàájì Àmúsà gbé apá agbádá lé èjìká, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá.